Ẹ Má Fi Orí Ọ̀rẹ́ Fọ́ Àgbọn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ fídíò lóde òní ń ṣe bí òwe yìí ṣe wí, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Kì í rìn jìnnà kó tó rí ẹni tí yóò yà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì lẹ́bàá títì ni yóò kọ́kọ́ gbé fóònù sí. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń jiyàn bọ́ọ̀lù nídìí tábìlì. Bó bá wá di ọjọ́ Sátidé, òde ìnáwó di yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́: yóò ya àwọn tó wọ aṣọ ẹbí, yóò ya onígángan, yóò ya ìyá ìyàwó tó ń nu omijé ayọ̀. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, ọwọ́ rẹ̀ kò ní gbọ̀n mọ́.

N kò bá ìyẹn jà. Ọ̀nà tó dára jù lọ láti kọ́ iṣẹ́ náà ni, n ó sì fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀ láìpẹ́. Ohun tí mò ń bá jà ni òwe mìíràn tí a ti sọ di àṣà láìronú sí i: ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ wa, àwọn ẹbí wa àti àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti di ẹni tí à ń fi orí wọn fọ́ àgbọn. Ojú wọn la fi ń kọ́ṣẹ́, ẹ̀rín wọn la fi ń wá òǹwòran, àṣìṣe wọn la fi ń wá òkìkí. Síbẹ̀, a kì í bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n fẹ́. Orúkọ tí Yorùbá ń pe ẹni tó mú ohun olóhun láìbéèrè kò ṣòro: olè ni. Mo lẹ́nu láti sọ ọ́, nítorí èmi náà ti ja irú olè bẹ́ẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n kí n tó jẹ́wọ́ tèmi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbèjà akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ojú tín-ín-rín wò ó. Àwọn kan wà tó ń ta ẹ̀kọ́ fídíò lórí ayélujára. Wọ́n ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé fídíò ọ̀rẹ́ àti fídíò òde kò já mọ́ nǹkan kan, pé àfi kí wọ́n ra kámẹ́rà tí owó rẹ̀ tó ra ilẹ̀, kí wọ́n sì wá san owó ẹ̀kọ́ fún àwọn. Ẹ̀tàn ni. Ẹ wo bí iṣẹ́ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ láyé.

Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 1888, ọkùnrin ará Faransé kan tó ń jẹ́ Louis Le Prince gbé ẹ̀rọ tí òun fúnra rẹ̀ ṣe sínú ọgbà àwọn àna rẹ̀ ní ìlú Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, bàbá ìyàwó rẹ̀, ìyá ìyàwó rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ ẹbí kan ni wọ́n jọ ń rìn yí ká nínú ọgbà náà. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ, síbẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí fídíò tó pẹ́ jù lọ nínú gbogbo èyí tó ṣẹ́ kù láyé. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Sarah Whitley, ìyá ìyàwó rẹ̀ tó wà nínú àwòrán náà, jáde láyé.

Ní ọdún 1895, Louis Lumière gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ẹbí wọn ní ìlú Lyon, ó ya àwọn òṣìṣẹ́ wọn bí wọ́n ṣe ń jáde. Nígbà tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Auguste, pe àwọn ará Paris wá wòran ní ọjọ́ 28, oṣù kejìlá ọdún náà, àwòrán mẹ́wàá ni wọ́n fi hàn wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ni ti àwọn òṣìṣẹ́ yẹn. Òmíràn ni ti Auguste àti ìyàwó rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fún ọmọ wọn lóúnjẹ. Ẹbí, ọ̀rẹ́, òṣìṣẹ́: ibi tí àwọn tó dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ta ni yóò wá sọ fún ọmọ Mushin tàbí ọmọ Òṣogbo pé ibẹ̀ kò tó ibi tí òun náà ti lè bẹ̀rẹ̀?

Bí ẹ bá fẹ́ ti ilé, ẹ wo àwọn ọmọ Ìkòròdú tí ayé mọ̀ sí Ikorodu Bois. Ọmọ ìyá àti ìbátan ni wọ́n. Bárò àti ìkòkò ìdáná ni wọ́n ń lò bí ohun èlò nígbà tí wọ́n bá ń sín àwọn fíìmù olówó ńlá jẹ. Ní ọdún 2020, ilé iṣẹ́ Netflix fi irinṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ kíyè sí i pé iṣẹ́ ló ṣáájú, irinṣẹ́ ló tẹ̀lé e. Bí a gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó á yó.

Kí wá ni ọ̀rẹ́ ń kọ́ni? Ohun mẹ́ta ni, kò sì gba ọdún mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni ìmọ́lẹ̀. Ẹ ní kí ọ̀rẹ́ yín kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé, ojú rẹ̀ á dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ ní kó yíjú sí fèrèsé kan náà, ojú rẹ̀ á mọ́ kedere, kọ́bọ̀ kò sì jáde lápò yín. Ẹ yà á lábẹ́ oòrùn agogo méjìlá, òjìji á bo ojú rẹ̀ bíi ti ẹni tí kò sùn lóru. Ẹ yà á ní nǹkan bí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ara rẹ̀ á máa dán. Nínú ọ́fíìsì, ẹ lè rí i pé iná ń ṣẹ́jú nínú fídíò, bẹ́ẹ̀ ojú lásán kò rí i. Ìdí ni pé iná mànàmáná tiwa ń lọ, ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí ọ̀pọ̀ fóònù ń ya àwòrán 30 láàárín àkókò kan náà. Bí fóònù yín bá gbà, ẹ yí i sí 25. Lọ́pọ̀ ìgbà, iná náà á dúró jẹ́ẹ́.

Ìkejì ni ohùn. Ẹni tí kò bá tíì ya òde ìnáwó rí kò mọ̀ pé ohùn ń ba fídíò jẹ́ ju àwòrán lọ. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn, sípíkà ń dún gbì-gbì, ọ̀rẹ́ yín sì ń sọ ọ̀rọ̀ tó dùn jù lọ lọ́jọ́ náà, fóònù kò gbọ́ ọ. Ibẹ̀ lẹ ó ti kọ́ bí a ṣe ń sún mọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, àti bí a ṣe ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí á rìn kúrò nídìí sípíkà.

Ìkẹta ni sùúrù. Olùbẹ̀rẹ̀ máa ń da fóònù síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Ẹ mú un dúró, ẹ ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ ya gbogbo agbo, ẹ ya ẹnì kan nínú agbo, kí ẹ sì ya ọwọ́ ẹni náà bó ṣe ń lu gángan. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń kọ ìròyìn nígbà tiwa: ìlú, ènìyàn kan nínú ìlú, àti ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àlejò kò ní gbà kí ẹ ṣe gbogbo àṣìṣe wọ̀nyí lórí òun. Ọ̀rẹ́ nìkan ló ń gbà á, nítorí pé ó fẹ́ràn yín. Ìfẹ́ yẹn gan-an ni owó ilé ẹ̀kọ́ yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ná an láìmọ iye rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí èmi ṣe ná tèmi. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo kà ní yunifásítì, òun náà ni mo sì fi ń jẹun títí ìwé ìròyìn kò fi tà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Mo bọ́ sí ilé iṣẹ́ kan tí kò jẹ mọ́ ìròyìn rárá. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ fídíò, nígbà tí mo ti lé ní ogójì ọdún. Kò sí ẹni tí n kò yà nínú ọ́fíìsì náà: mẹ́sẹ́ńjà tó ń gbé omi, akọ̀wé tó ń ka owó, àwa tí a ń tò lórí ìlà níwájú olóúnjẹ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo rí obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ tó ti sùn lọ lórí tábìlì rẹ̀. Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé fáìlì, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, bírò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé bọ́ sí i lójú gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń wá a láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá ni mo fi yà á, ọwọ́ mi kò sì gbọ̀n. Nínú gbogbo fídíò tí mo ti yà títí di ìgbà yẹn, òun ló dára jù. Mo fi orin apanilẹ́rìn-ín kan sí i, mo sì fi ránṣẹ́ sí ojú òpó WhatsApp ọ́fíìsì wa. Ẹ̀rín sọ. Àwọn ènìyàn yìn mí pé ọwọ́ mi ti mọ iṣẹ́.

Ọ̀gá wa náà wà lójú òpó yẹn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n fún obìnrin náà ní kúẹ́rì pé kó wá ṣàlàyé ìdí tó fi ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Ìgbà yẹn la tó mọ̀ pé ìyá rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn, àti pé orí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá ló ti ń sùn láti alẹ́ mẹ́rin sẹ́yìn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ ni, kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé.

Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Kò bú mi, kò gbé ohùn sókè. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò kàn lè jí mi ni?”

Mo ti wá ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn títí, n kò rí. Ní gbogbo ọdún tí mo fi jẹ́ akọ̀ròyìn, n kò gbé ẹ̀sùn jáde lórí ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ wá a lọ, kí òun náà lè sọ tẹnu rẹ̀. Bí mo bá gbàgbé, olóòtú á da ìròyìn náà padà sí mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n fóònù dé ọwọ́ mi, ẹ̀kọ́ yẹn fò lọ. Kí ló dé? Nítorí pé kì í ṣe àlejò ni. Ohun tí n kò jẹ́ ṣe sí olóṣèlú tí mò ń fura sí ni mo ṣe sí ẹni tí a jọ ń pín ẹ̀pà jẹ.

Mo mọ àwáwí tí àwọn kan ti ń tò kalẹ̀ báyìí, nítorí èmi náà ti lò ó. Wọ́n á ní bí a bá bèèrè, ojú àwọn ènìyàn á le, òtítọ́ á sì sá kúrò níbẹ̀. Àwáwí ọ̀lẹ nìyẹn. Àwọn àna Le Prince mọ̀ pé ẹ̀rọ wà níwájú àwọn. Ti àwọn òṣìṣẹ́ Lyon, oríṣi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú àwòrán yẹn, nítorí wọ́n tún un yà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kò sí ẹni tó lúgọ dè wọ́n. Síbẹ̀, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ayé kò tíì sú láti wò ó. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á bèèrè, á gbé fóònù sí ibi tí gbogbo ojú ti rí i, á sì jókòó tì wọ́n títí wọn yóò fi gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Ó lè gba ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tí kò bá ní ogún ìṣẹ́jú fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò wá òtítọ́, àbùkù ọ̀rẹ́ ló ń wá.

Wọ́n á tún ní ojú gbogbo ayé ni òde ìnáwó wà, ẹni tó bá wá ti gbà kí á rí òun. Òótọ́ ni, ó gbà kí àwọn tí a pè rí òun. Nítorí ọlọ́jọ́ àti àwọn àlejò rẹ̀ ló ṣe wé gèlè wá. Kò wé e wá fún àjèjì tó jókòó sí ìlú òkèèrè, tí yóò máa ka iye ẹran inú àwo rẹ̀. Opó tó ń sunkún níbi òkú, bàbá tí ọtí ń tì, ọmọdé tó tọ̀ sára, gbogbo wọn wà lóde. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lóde ló yẹ kó jáde kúrò lóde.

Èyí tó burú jù nínú àwáwí náà ni pé ẹ̀fẹ̀ lásán ni. Ẹ̀fẹ̀ ta ni? Bí ẹni tí a fi ń ṣẹ̀fẹ̀ kò bá sí lára àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ wá orúkọ mìíràn fún un. Bí a bá gé igi nígbó, kí á fi ọ̀ràn ro ara ẹni wò.

Òfin pàápàá kò dákẹ́. Abala 37 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè yìí, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí fóònù. Ní ọdún 2023, ìjọba tún fọwọ́ sí òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ara ẹni. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kó jẹ́ ọlọ́pàá lẹ ó máa bẹ̀rù. Ọ̀rẹ́ mélòó ló ń gbé ọ̀rẹ́ lọ sílé ẹjọ́? Yóò kàn rọra yẹra fún yín ni, ẹ lè má sì mọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀.

Gbèsè mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ jẹ ẹni tó bá yà. Gbèsè kìíní ni kó bèèrè. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, mò ń kọ́ iṣẹ́ fídíò, ṣé mo lè yà yín?” kò gbà ju ìmí kan lọ. Bó bá jẹ́ ọmọdé ni, òbí rẹ̀ ni kí ẹ bi. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń sùn, tàbí ẹni tí àìsàn dá dúbúlẹ̀, tí kò lè dáhùn, kò tíì gbà nìyẹn. Ẹni tó bá sì ní rárá kò jẹ yín ní ìdí.

Gbèsè kejì ni kó fi fídíò náà han ẹni tó yà kó tó fi han ẹlòmíràn. Ẹ jọ jókòó, ẹ jọ wò ó. Kò sí olùkọ́ tó tó èyí, nítorí kò sí ẹni tó ń wo fídíò kan fínnífínní bí ẹni tó wà nínú rẹ̀. Òun ni yóò sọ fún yín pé ẹ ti gé òun lórí, pé ohùn òun kò jáde, pé ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn gan-an lẹ ti dáwọ́ dúró. Ká ní mo ti fi fídíò oorun yẹn han obìnrin náà ni, yóò ní kí n pa á rẹ́, ọ̀rọ̀ á sì parí láàárín àwa méjèèjì.

Gbèsè kẹta ni kó fún un ní ìpín tirẹ̀. Ẹ fi fídíò náà ránṣẹ́ sí i kó lè fi pamọ́. Bó bá sì yí ọkàn padà lọ́la pé kí ẹ mú un kúrò níta, ẹ mú un kúrò láìjiyàn. Ẹ má gbàgbé pé ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ti fídíò tún le jù bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá pa á rẹ́ lórí fóònù tiyín, ó ti wà lórí fóònù ẹni tí ẹ kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kan ẹ̀yin ọ̀gá náà. Ẹ má tìtorí èyí fòfin de fóònù níbi iṣẹ́, nítorí ẹni tó gbóná sí iṣẹ́ kò ní dẹ́kun, á kàn máa yà wọ́n ní kọ̀rọ̀ ni. Bí ẹnì kan bá sì gbé fídíò òṣìṣẹ́ yín wá, ẹ pe òṣìṣẹ́ náà, ẹ bi í kí ló ṣẹlẹ̀, kí ẹ tó kọ ìwé sí i. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá kò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ mẹ́rin. Ẹ̀yin òbí àti àgbà, bí ọmọ kan bá fi ọ̀wọ̀ bèèrè láti yà yín, ẹ má lé e bí adìyẹ. Ẹni tó bèèrè ló yẹ kí á fún láyè, kí ẹni tó ń jí àwòrán lè rí èrè ìbéèrè.

Ìdí tí mo fi ń pariwo tó báyìí ni pé ohun tí a fẹ́ pàdánù pọ̀. Mélòó nínú wa ló ní ohùn bàbá tàbí ìyá rẹ̀ nípamọ́? Mélòó ló lè ṣí fóònù lónìí kó rí bí ìyá ìyá rẹ̀ ṣe ń rẹ́rìn-ín? Ká ní Sarah Whitley ti yẹra kúrò níwájú ẹ̀rọ ọkọ ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìrìn rẹ̀ kì bá tí ṣẹ́ kù fún ẹnikẹ́ni. Fún ìgbà àkọ́kọ́, irinṣẹ́ tó lè pa ìrántí ẹbí mọ́ ti wà lápò ọmọ tálákà. Bí a bá wá kọ́ àwọn ènìyàn wa láti máa sá fún un, wọn yóò sá lóòótọ́.

Ìyá obìnrin yẹn gbádùn, ó padà sílé. Nígbà tí ọdún ń parí lọ, a pàdé fún ayẹyẹ kékeré nínú ọ́fíìsì. Lọ́tẹ̀ yìí, mo dìde, mo bèèrè lọ́wọ́ gbogbo wọn bóyá mo lè yà wọ́n. Wọ́n ní kò burú. Òun kò sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe gbé fóònù sókè, ó rọra yíjú sí ògiri. Kò bínú, kò ké, ó kàn yíjú kúrò. Mo sọ fóònù kalẹ̀, n kò sì ya ohunkóhun lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rẹ̀ lónìí, ẹ ya ọ̀rẹ́ yín, ẹ ya ibi iṣẹ́ yín, ẹ ya òde. Ẹ má dúró de kámẹ́rà olówó ńlá. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó di ìgbà tí ẹnì kan bá yíjú sí ògiri nítorí yín kí ẹ tó kọ́ bí a ṣe ń bèèrè. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.